Ta Ní Ń Jẹ Ẹ̀gbin Inú Adágún?

Àgbá kan wà lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Òun la fi ń gbe omi òjò. Bí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oòrùn sì ń mú, inú àgbá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, omi rẹ̀ á sì di àwọ̀ ewé. Ìyá wa kì í bá a ṣeré rárá. Wọ́n á ní, "Omi yìí ti kú. Ẹ dà á nù, kí ẹ fi iyanrìn ha inú rẹ̀." Àwa ọmọ á mú kànìnkànìn, a ó sì máa ha á títí ara irin yóò fi hàn.

Òótọ́ ni wọ́n sọ ní ti mímu, nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ kò ṣeé mu. Ṣùgbọ́n pé omi náà ti kú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í. Ṣàṣà ni omi tí ẹ̀mí pọ̀ nínú rẹ̀ tó omi tó di àwọ̀ ewé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí à ń ha dànù yẹn, àwọn ìlú kan wà láyé tó jẹ́ pé òun ni wọ́n gbójú lé láti wẹ omi ilé ìgbẹ́, omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ wọn mọ́.

Ewéédò ni mo máa pè é nínú àròkọ yìí. Algae ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Ó jọ ewé lóòótọ́, nítorí oòrùn ló fi ń se oúnjẹ bí ewé ẹ̀gẹ́ àti ewé àgbàdo, ṣùgbọ́n kò ní gbòǹgbò, kò ní igi, kò ní òdòdó. Èyí tó pọ̀ jù nínú adágún ẹ̀gbin kò ju ẹyọ hóró kan lọ. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Chlorella kéré débi pé bí a bá to igba rẹ̀ sórí ìlà kan, ó lè máà ju mìlímítà kan lọ. Ojú kò lè rí ẹyọ kan. Ìgbà tí wọ́n bá di àìmọye nínú ife omi kan ni ojú ń rí àwọ̀ wọn.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí pàápàá: wọ́n á ní ewéédò ló ń jẹ ìgbẹ́. Kì í ṣe òun. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀gbin ni bakitéríà, àwọn kòkòrò àìlèfojúrí tó ti wà nínú omi náà tẹ́lẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn tiẹ̀ bá ìgbẹ́ wá. Bí a bá pín omi ẹ̀gbin ìlú sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bí ọ̀nà 999 ló jẹ́ omi lásán. Orí ìyókù bín-ín-tín yẹn ni gbogbo wàhálà wà. Bakitéríà á bò ó, wọ́n á máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ń mí, ọ́síjìn tó sì wà nínú omi kò tó nǹkan. Kí wọ́n tó jẹun dé ìdajì, èémí ti tán nílẹ̀. Àwọn tó nílò ọ́síjìn á dákú, irú àwọn tí kò nílò rẹ̀ á gba ipò, àwọn ìyẹn ló sì ń mú omi dúdú, tí í rùn bí ẹyin tó bu.

Ọ̀nà tí àwọn ìlú olówó gbà yanjú èyí ni pé wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ìdí omi, tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí i tọ̀sán-tòru, bí alágbẹ̀dẹ ti ń fi ẹwìrì fẹ́ iná. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò gbọdọ̀ dákẹ́, iná mànàmáná sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí ilé kan ti ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi kànga yóò mọ ohun tí mo ń wí láìjẹ́ pé mo tún un sọ.

Ibi tí ewéédò ti wọlé nìyí. Èémí tí bakitéríà mí síta, òun ni ewéédò ń fà símú. Nitrogen àti phosphorus tó wà nínú ìtọ̀ àti omi ọṣẹ, òun ló fi ń sanra. Oòrùn ni iná ìdáná rẹ̀. Bó bá ti se oúnjẹ rẹ̀ tán, ohun tó máa tú jáde ni ọ́síjìn, ohun tí bakitéríà ń wá kiri gan-an. Gíráàmù kan ewéédò tuntun á ti mú nǹkan bíi gíráàmù kan àbọ̀ ọ́síjìn wá sínú omi. Kò sí owó láàárín wọn, pàṣípààrọ̀ ni. Bakitéríà ló ń jẹ ẹ̀gbin. Ewéédò ló ń fún un ní èémí tó fi ń jẹ ẹ́.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá ìgò oníke méjì tó mọ́ gaara. Kó bu omi gọ́tà sí méjèèjì, kó má ṣe dé wọn pa. Kó gbé ọ̀kan sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, kó fi ọ̀rá dúdú di èkejì, kó sì gbé e sí kọ̀rọ̀ tí aya tàbí ọkọ rẹ̀ kò ní tètè rí. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀, méjèèjì ló ń rùn. Tó bá yá, èyí tó wà lójú oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, lákọ̀ọ́kọ́ bí ìgbà tí ènìyàn kán omi ẹ̀fọ́ sí i, lẹ́yìn náà á dì. Bó bá di ọ̀sán, kó wo ẹ̀gbẹ́ ìgò náà dáadáa: yóò rí èéfó wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ara oníke, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń já, tó ń gòkè. Ọ́síjìn nìyẹn. Kó wá ṣí ìgò inú òkùnkùn. Bí ó bá lè dúró níwájú rẹ̀ tán, kó wá bá mi jiyàn.

Adágún tí wọ́n fi ń wẹ omi ẹ̀gbin kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn ni, omi á kúrò nínú ọ̀kan, á bọ́ sínú èkejì. Èyí àkọ́kọ́ jìn, láti mítà méjì sí márùn-ún, kò sì sí ewéédò nínú rẹ̀ rárá. Omi ibẹ̀ dúdú. Ohun tó wúwo á rì sísàlẹ̀, á máa jẹrà níbẹ̀ láìsí ọ́síjìn, gáàsì á máa hó sókè láti ìdí omi bí ìgbà tí ògì ń hó nínú ìkòkò. Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, adágún àkọ́kọ́ yìí nìkan lè gba ìdajì ẹrù ẹ̀gbin náà kúrò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹyin aràn inú ìgbẹ́ náà á rì, nítorí ó wúwo ju omi lọ, ohun kan ṣoṣo tó sì ń fẹ́ ni kí omi dúró jẹ́ẹ́.

Adágún kejì ni ilé ewéédò. Ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà kan sí méjì lọ, torí bó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, oòrùn kò ní lè bá a délẹ̀ tó. Kódà kì í délẹ̀. Òkè ni àwọ̀ ewé wà, ìsàlẹ̀ ṣì ṣókùnkùn, ayé méjì ló wà nínú omi kan. Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ nìyí, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọjọ́ kan dára púpọ̀ láti wò.

Ní ìdájí, adágún náà rẹ̀ bí aláìsàn. Láti alẹ́ àná ni oòrùn ti lọ, ewéédò kò lè se oúnjẹ, òun fúnra rẹ̀ sì ń mí bíi ti gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Òun àti bakitéríà ni wọ́n jọ fi òru jẹ ọ́síjìn tán. Bí ẹja bá wà níbẹ̀, ẹ óò rí i tó ń yọ ẹnu sókè omi, tó ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Oòrùn yọ. Àwọn ewéédò kan wà tó lè lúwẹ̀ẹ́, Euglena àti Chlamydomonas, àwọn tó ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tí wọ́n fi ń tukọ̀ ara wọn. Wọ́n á dìde láti ìsàlẹ̀ wá pàdé ìmọ́lẹ̀. Kó tó di aago mẹ́wàá, ojú omi á ti dì bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ní ọ̀sán gangan, ìmọ́lẹ̀ a máa le jù fún wọn, wọ́n á tún rọra sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, bí ènìyàn ti ń wá ibòji, wọ́n á kó ara wọn jọ bí ẹní tí a tẹ́ sábẹ́ omi. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, ọ́síjìn á ti pọ̀ débi pé omi kò lè gbé e mọ́, á máa yọ jáde bí èéfó. Bó bá di alẹ́, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀sán yìí kan náà ni ikú fún àwọn kòkòrò àrùn. Èémí tí bakitéríà mí síta, tí ewéédò ń fà kúrò nínú omi, òun ló máa ń jẹ́ kí omi kan lẹ́nu díẹ̀. Bí ewéédò bá fà á yára ju bí bakitéríà ti ń mí in jáde lọ, omi á yí síhà kejì, á dà bí omi eérú tí àwọn ọlọ́ṣẹ dúdú ń sẹ́. Ìwọ̀n pH rẹ̀ lè kọjá 9. Kòkòrò tó ti mọ́ lára láti máa gbé inú ìfun ènìyàn, níbi tí ara ti tù ú, kò lè pẹ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán oòrùn àti àpọ̀jù ọ́síjìn á tún dara pọ̀ gbógun tì í. Ẹ ò rí i pé ewéédò kò fọwọ́ kan kòkòrò àrùn kankan? Ó kàn sọ ilé di ibi tí kò ṣeé gbé fún wọn ni.

Kòkòrò onígbáméjì nìkan ló ya aláìgbọràn. Omi tó dà bí omi eérú kò le fún un, ó tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Adágún dúdú àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń fi ọwọ́ bomú sí, ibẹ̀ ni tirẹ̀ wà: gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bu yẹn ló ń pa á. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n yọ adágún àkọ́kọ́ kúrò nítorí òórùn.

Lẹ́yìn adágún kejì, adágún kẹta, tàbí ìkẹrin, kì í jìn. Iṣẹ́ wọn ni kí oòrùn parí ohun tó ti bẹ̀rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ ni omi lè fi rìn láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹni tó ń tọ́jú irú adágún báyìí kò nílò ẹ̀rọ púpọ̀, ojú ló nílò. Bí omi adágún kejì bá tutù bí ewé gbúre, ara rẹ̀ le. Bó bá di eérú tàbí dúdú, a jẹ́ pé oúnjẹ ti pọ̀ jù fún un, kí wọ́n dín omi tó ń wọlé kù. Nígbà mìíràn ó máa ń pọ́n bí omi ṣóbòrò. Ìyẹn ni pé irú bakitéríà kan tó ń jẹ gáàsì olóòórùn ti gba ibẹ̀. Bí ìpẹ́pẹ́ tó dì bá bo ojú omi, ó ti ń dí oòrùn lọ́nà, kí wọ́n fi ọ̀pá tú u ká. Yàtọ̀ sí èyí, kí wọ́n gé koríko etí bèbè kí ẹ̀fọn má bàa fi ibẹ̀ ṣe ilé. Iṣẹ́ àdá àti iṣẹ́ ojú ni. Irú adágún yìí wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Èyí tó tóbi wà ní Dandora lẹ́bàá Nairobi ní Kẹ́ńyà, àti ní Werribee ní Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ẹ̀gbin ìlú Melbourne láti ọdún 1897. Ẹyẹ pọ̀ ní Werribee tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ fi ń wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á gbé awò awọ̀nàjíjìn kọ́rùn, wọ́n á máa rìn létí omi ìgbẹ́ bí ẹni wá sí ìgbéyàwó.

Ọkùnrin kan wà ní Yunifásítì California ní Berkeley, William Oswald lorúkọ rẹ̀, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìṣirò pàṣípààrọ̀ tí mo sọ lókè yìí. Òun àti Harold Gotaas gbé àlàyé wọn jáde ní ọdún 1957. Adágún tí Oswald gbé kalẹ̀ kò jìn ju nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ, ó rí bí pápá ìsáré, àjẹ̀ ńlá kan sì ń rọra yí i kí gbogbo ewéédò lè máa kan oòrùn. Ní Chiclana, ní gúúsù Sípéènì, wọ́n ti fi irú adágún bẹ́ẹ̀ kó ewéédò jọ, wọ́n sọ ọ́ di gáàsì, wọ́n sì fi gáàsì náà wa mọ́tò.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń kó o jọ? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, ó sì jẹ́ ibi tí àwọn tó ń yin ewéédò kì í fẹ́ dé. Omi tó jáde nínú adágún ìkẹyìn kò ní ìgbẹ́ nínú mọ́, ṣùgbọ́n ó kún fún ewéédò. Bí wọ́n bá wọn ẹ̀gbin tó kù nínú rẹ̀, ìdá 70 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lè jẹ́ ewéédò fúnra rẹ̀. Ẹ dà á sódò bẹ́ẹ̀. Ewéédò á kú sínú odò, bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkú rẹ̀, wọ́n á jẹ ọ́síjìn odò tán, ẹja á léfòó. Ẹ̀gbin ìlú tí a rò pé a ti wẹ̀ kúrò kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ọdún 1991 lórí omi ìlú tiẹ̀ fàyè gbà pé kí wọ́n kọ́kọ́ sẹ́ ewéédò kúrò nínú omi adágún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. N kò dá wọn lẹ́bi, torí ewéédò kì í ṣe ìgbẹ́, ṣùgbọ́n odò tó gbà á kò mọ òfin. Sísẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́ kò sì rọrùn. Ó kéré débi pé ó máa ń gba inú asẹ́ kọjá, èyí tí kò bá kọjá á sì dí i pa. Kì í rì bọ̀rọ̀, kì í sì léfòó kí wọ́n gbọ́n ọn kúrò.

Ìdáhùn tó wù mí jù lọ kò ti Berkeley wá. Ìlú Kolkata ní Íńdíà ló ti wá, lọ́wọ́ àwọn tí kò lọ kọ́ ọ ní yunifásítì kankan.

Ilẹ̀ Kolkata rọra tẹ̀ síhà ìlà-oòrùn, sí ibi tí adágún àti ẹrẹ̀ pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni kòtò omi ẹ̀gbin ìlú ń dà sí. Láti nǹkan bí ọdún 1930 ni àwọn ẹlẹ́ja ibẹ̀ ti ń ṣí omi yìí sínú adágún ẹja wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Dhrubajyoti Ghosh, ẹnjiníà ìjọba kan, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ibi tí omi ẹ̀gbin ìlú náà ń lọ. Nígbà náà, ìlú náà kò ní ibùdó ńlá tó ń fi ẹ̀rọ wẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹlẹ́ja ni ó bá nídìí iṣẹ́ náà, àwọn tí ń fi omi ìgbẹ́ ìlú bọ́ ẹja, tí wọ́n tún ń ta ẹja náà padà fún ìlú. Ghosh lo ìyókù ayé rẹ̀ láti jà kí wọ́n má kọ́lé sórí ibẹ̀. Ní 2002 ni wọ́n fi ibẹ̀, tó tó 12,500 hẹ́kítà, sínú àkọsílẹ̀ Ramsar ti àwọn ilẹ̀ olómi tí gbogbo ayé ń dáàbò bò. Ghosh kú ní 2018, àwọn akọ́lé kò sì tíì ṣíwọ́.

Iṣẹ́ wọn lọ báyìí. Nígbà òtútù, wọ́n á fa adágún gbẹ, oòrùn á sá ìdí rẹ̀, wọ́n á tú ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fọ́n láìmù sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí omi ẹ̀gbin wọlé, wọ́n á fi oparun sẹ́ ẹnu ọ̀nà kí pàǹtírí má bàa bá a wọlé. Wọ́n á wá dúró, kò sí ẹja kankan níbẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí omi tó yí láti dúdú sí àwọ̀ ewé. Wọ́n á kọ́kọ́ ju ẹja díẹ̀ sí i láti dán an wò. Bí ìwọ̀nyí kò bá kú, a jẹ́ pé èémí ti dé, wọ́n á wá da ẹja kápù oríṣìíríṣìí àti ẹpìà sí i. Lára àwọn kápù wọ̀nyí ni àwọn tó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sẹ́ omi. Ohun tí asẹ́ kò lè sẹ́, ọ̀fun ẹja ń sẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà lọ, díẹ̀díẹ̀ ni omi ẹ̀gbin á máa wọlé, bí ìyá ti ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀gbin ni èyí lè gbà o. Òjé àti àwọn irin mìíràn tó ti ilé iṣẹ́ wá, bakitéríà kò lè jẹ wọ́n, inú ẹja ni wọ́n lè lọ sùn sí. Omi ilé ìgbẹ́ àti ti ilé ìdáná ni iṣẹ́ yìí bá mu, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ aláró tàbí ti àwọn tó ń pa awọ. Ó sì ń jẹ ilẹ̀ púpọ̀. Níbi tí púlọ́ọ̀tì kan ti di wúrà, bí Èkó, ta ni yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún omi aláwọ̀ ewé?

Ìwọ̀n tí ẹlẹ́ja fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí omi kò sí nínú ìwé. Àwọn ọlọ́sìn ẹja ní ibi púpọ̀, àwọn tiwa náà wà níbẹ̀, mọ̀ ọ́n. Á kúnlẹ̀ sí etí bèbè ní òwúrọ̀, á na ọwọ́ bọ omi tààrà, àtẹ́lẹwọ́ ní ṣíṣí sókè. Bí omi bá dé ìgúnpá tó ṣì ń rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kedere, ebi ń pa adágún, á ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀gbin díẹ̀ sí i. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti pòórá nígbà tí omi kò tíì kọjá ọrùn ọwọ́, ewéédò ti pọ̀ jù, èémí lè tán mọ́ ẹja lórí ní ìdájí. Á ti ilẹ̀kùn. Á fa ọwọ́ yọ, á nù ún mọ́ ṣòkòtò, á sì lọ sídìí adágún tó kàn.